Òṣùwọ̀n Ìpadà-sáwùjọ lẹ́yìn Ìfarapa Ọpọlọ

1.0 Ìfáárà
Ìfarapa ọpọlọ máa ń wáyé nígbà tí ohun líle bá gbá ènìyàn lórí, bí àpẹẹrẹ nínú ìjàm̀bá ọkọ̀ tàbí nígbà tí ènìyàn bá já lulẹ̀ láti òkè. Ojú egbò lè jinná, kí onítọ̀hún sì máa rìn, síbẹ̀ kí ìrántí àti ìṣesí rẹ̀ ti yí padà. Yorùbá gbà pé ènìyàn laṣọ. Ìbéèrè tí ó kù nígbà náà ni pé: ǹjẹ́ ẹni tí ó kúrò ní ilé ìwòsàn ti padà sí àárín ènìyàn bí?

2.0 Òṣùwọ̀n Willer
Ní ọdún 1993, Barry Willer àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwé ìbéèrè kan jáde, Community Integration Questionnaire. Ìbéèrè 15 ni ó wà nínú rẹ̀, ìsọ̀rí mẹ́ta ni wọ́n sì pín in sí: iṣẹ́ ilé (máàkì 10), ìbáṣepọ̀ pẹ̀lú ẹlòmíràn (máàkì 12), àti ìjáde nílé pẹ̀lú iṣẹ́ oojọ́, ẹ̀kọ́ tàbí iṣẹ́ ọ̀fẹ́ (máàkì 7). Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 29. Bí ìbéèrè bá dá lórí ẹni tí ó ń se oúnjẹ nínú ilé, ẹni tí ó ń dá a ṣe gba 2, ẹni tí ó ń bá ẹlòmíràn ṣe é gba 1, ẹni tí ẹlòmíràn ń ṣe é fún gba òdo.

3.0 Àléébù rẹ̀
Ọkọ tí kò dáná rí kí ó tó farapa yóò gba òdo, bẹ́ẹ̀ ìfarapa kọ́ ni ó fà á. Opó tí ó ń dágbé lè gba máàkì iṣẹ́ ilé ní kíkún, kí ó má sì sí ẹni tí ó ń yà kí i. Ní ọdún 2001, Mary Ann McColl àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Kánádà gbé Community Integration Measure jáde. Gbólóhùn 10 ni ó ní. Máàkì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti 10 dé 50. Bí ènìyàn ṣe rí ara rẹ̀ láàárín àwùjọ ni èyí ń wọ̀n. Ṣùgbọ́n ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ farapa lè má mọ ohun tí ó yí padà lára òun, nítorí náà, ó yẹ kí a gbọ́ ti ẹbí pẹ̀lú.

4.0 Àgbálọgbábọ̀
Òṣùwọ̀n kan kò tó. Ó tọ́ kí a fi máàkì wé ìgbé-ayé onítọ̀hún kí ó tó farapa. Máàkì kò wà fún ìdájọ́. Ó wà láti fi ibi tí a ti gbọ́dọ̀ ràn án lọ́wọ́ hàn.