Alásè Tó Lé Màlúù Kúrò Nílé Ìdáná

Ẹni tó bá ti jẹ ẹ̀gbo rí mọ bí wọ́n ṣe ń gún àgbàdo funfun kí èèpo rẹ̀ lè ṣí, tí wọ́n á sè é títí yóò fi rọ̀ dáadáa, kí wọ́n tó bu ẹ̀wà àti ata díndín lé e. Àwọn tó ni ilẹ̀ Amẹ́ríkà kí òyìnbó tó dé náà ń se irú rẹ̀. Àmọ́ eérú igi ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń dà sómi tí wọ́n fi ń sè é. Eérú yìí máa ń tú èèpo kúrò, ó sì ń tú fítámì kan sílẹ̀ nínú àgbàdo tí ara kì bá tí rí lò. Ọ̀dọ̀ wọn náà ni àgbàdo ti wá. Mẹ́síkò ni wọ́n ti kọ́kọ́ gbìn ín, ní nǹkan bí 9,000 ọdún sẹ́yìn, kó tó bá ọkọ̀ ojú omi dé ọ̀dọ̀ wa.

Alásè kan tó ń jẹ́ Sean Sherman, ọmọ Oglala Lakota, ọ̀kan lára àwọn ẹ̀yà tó ni ilẹ̀ yẹn, tí wọ́n bí ní 1974, dàgbà ní Pine Ridge, South Dakota, níbi tí oúnjẹ ìjọba inú agolo ti gba gbogbo ilé kan. Àwọn òyìnbó ti pa bison, ẹfọ̀n ilẹ̀ Amẹ́ríkà tí àwọn baba rẹ̀ ń jẹ, fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, wọ́n há wọn mọ́ orí ilẹ̀ kékeré, wọ́n sì ń pín ìyẹ̀fun, ọ̀rá àti ṣúgà fún wọn. Inú ìyà yẹn ni búrẹ́dì díndín tí ọ̀pọ̀ ń pè ní oúnjẹ ìbílẹ̀ wọn ti jáde. Sherman kì í ṣe é. Mo gbà pẹ̀lú rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ìyá ló fi búrẹ́dì yẹn gba ẹ̀mí ọmọ là, wọ́n sì yẹ lẹ́ni tí à ń bọ̀wọ̀ fún.

Ní 2021, Sherman àti alájọṣe rẹ̀, Dana Thompson, ṣí ilé oúnjẹ Owamni sí etí odò Mississippi ní Minneapolis. Kò sí ìyẹ̀fun wíìtì níbẹ̀, kò sí wàrà, ṣúgà ìrèké, màlúù, ẹlẹ́dẹ̀ tàbí adìyẹ. Bison, tòlótòló, ẹja, ẹ̀wà, elégédé àti oje igi maple ni wọ́n ń lò. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Owamni gba ẹ̀bùn James Beard fún ilé oúnjẹ tuntun tó dára jù lọ ní Amẹ́ríkà.

Nínú oúnjẹ àwọn ẹ̀yà yìí, ìrẹsì tó ń hù nínú adágún ló wù mí jù. Ẹnì kan á máa fi ọ̀pá tọ ọkọ̀ lọ, ẹnì kejì á fi igi kan tẹ koríko ìrẹsì náà wá sórí ọkọ̀, á sì fi èkejì lù ú jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Èyí tó gbó á já sínú ọkọ̀, òmíràn á bọ́ sómi, òun ni yóò hù lọ́dún tó ń bọ̀.

Kì í ṣe gbogbo èèyàn ló lè sanwó oúnjẹ ní Owamni. Àmọ́ Sherman ti dá àjọ kan tó ń jẹ́ NATIFS sílẹ̀ ṣáájú Owamni. Nínú Indigenous Food Lab tí àjọ náà ní, wọ́n ń kọ́ àwọn èèyàn láti se oúnjẹ yìí, wọ́n sì ń ta irè oko àwọn àgbẹ̀ tó jẹ́ ọmọ àwọn ẹ̀yà wọ̀nyí, kí owó lè dé ọwọ́ ẹni tó ń tọ́jú irúgbìn.