Búrẹ́dì, Àmàlà àti Ọ̀rọ̀ Ẹnu Àwọn Gbajúmọ̀ Orí Tẹlifíṣàn

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọ̀nà ọ̀fun ni ọ̀nà ọ̀run. Ohun tí ènìyàn ń jẹ ni ó ń gbé e ró, òun náà ni ó sì lè bì í wó. Láyé òde òní, kì í ṣe àwọn oníṣègùn nìkan ni wọ́n ń kọ́ aráyé ní ohun tí ó yẹ ní jíjẹ. Àwọn gbajúmọ̀ orí tẹlifíṣàn náà ti dá sí i. Ará Ìbàdàn kò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ agbára ẹ̀rọ yìí. Ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá, ọdún 1959, ni ilé iṣẹ́ WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nílùú náà, àwọn òṣèré bíi Moses Ọláìyá, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Bàbá Sàlá, sì ti orí ẹ̀rọ wọ ilé àti ọkàn àwọn òǹwòran. Bí ẹni tí ojú rẹ̀ ti mọ́ni lára báyìí bá ní òun kò jẹ oúnjẹ kan mọ́, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó gbọ́ ni kò ní bèèrè ìdí. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ oúnjẹ tí kò ní gúlútẹ̀nì nínú fi yẹ fún àlàyé.

Kí ni ó ń jẹ́ gúlútẹ̀nì? Èròjà kan ni tí ó wà nínú ọkà àlìkámà, ọkà báálì àti ọkà ráì. Òun ni ó ń mú kí ìyẹ̀fun àlìkámà máa fà nígbà tí wọ́n bá fi omi pò ó, òun ni ó sì ń jẹ́ kí búrẹ́dì wú kí ó sì rọ̀. Kò ṣe ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn ní ibi kankan. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí àjogúnbá mú kí ara wọn ka èròjà yìí sí ọ̀tá. Bí wọ́n bá ti jẹ ẹ́, agbára tí ara fi ń gbógun ti àrùn yóò dojú ìjà kọ ìfun kékeré wọn. Inú ìfun náà, tí ó rí wúruwùru bí aṣọ ìnura, yóò tẹ́ pẹrẹsẹ, kò sì ní lè fa oore inú oúnjẹ sára mọ́. Àìsàn yìí ni àwọn dókítà ń pè ní sílíákì. Inú lè máa wú, ìgbẹ́ gbuuru lè máa ṣe ènìyàn, ẹ̀jẹ̀ lè má tó lára, ọmọdé sì lè má dàgbà bí ó ti yẹ. Ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, nǹkan bí ẹnì kan nínú 100 ni ó ní in. Nínú àwọn tí òbí, ọmọ tàbí ọmọ ìyá wọn ní in, ó lè tó ẹnì kan nínú mẹ́wàá.

Dókítà ọmọdé kan ní Họ́láńdì, Willem Dicke, ni ó tú àṣírí náà. Ó ti ń fura sí búrẹ́dì kí Ogun Àgbáyé Kejì tó dé. Nígbà òtútù ọdún 1944 sí 1945, ìyàn mú ní ilẹ̀ náà, búrẹ́dì sì wọ́n bí ojú. Lákòókò yìí, ara àwọn ọmọ tí àìsàn náà ń bá jà ń yá sí i. Nígbà tí búrẹ́dì padà dé, àìsàn wọn náà padà dé. Ní ọdún 1950, Dicke kọ àbájáde ìwádìí rẹ̀ sínú ìwé tí ó fi gba oyè ọ̀mọ̀wé. Títí di òní, ìtọ́jú tí ó wà fún sílíákì ni kí aláìsàn yẹra fún gúlútẹ̀nì ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀.

Ìmọ̀ yìí pẹ́ nínú ìwé àwọn dókítà kí ó tó dé etí gbogbo ènìyàn. Ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n gbé e jáde ni Elisabeth Hasselbeck, tí ó jẹ́ olóòtú lórí ètò The View ní Amẹ́ríkà láti ọdún 2003 sí 2013. Ní ọdún 2001, ó kópa nínú ìdíje orí tẹlifíṣàn kan tí wọ́n ṣe nínú aginjù Australia. Oúnjẹ kò tó níbẹ̀, síbẹ̀ ó ṣàkíyèsí pé inú òun rọlẹ̀ ju ti ilé lọ. Lẹ́yìn náà ni ó mọ̀ pé sílíákì ni ó ń ṣe òun, ó sì kọ ìwé lórí rẹ̀ ní ọdún 2009. Irú ìjẹ́wọ́ bẹ́ẹ̀ ń ṣe àǹfààní, nítorí pé ẹni tí ó ti ń jìyà tí kò mọ orúkọ ohun tí ó ń ṣe é yóò rí ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ó ní ewu tirẹ̀. Àwọn mìíràn tí ara wọn le sọ ọ́ di àṣà ìgbàlódé, wọ́n rò pé yóò mú àwọn fọn. Bẹ́ẹ̀ ṣúgà lè pọ̀ nínú bisikíìtì tí kò ní gúlútẹ̀nì ju ti èyí tí ó ní in lọ.

Ní Nàìjíríà náà, tẹlifíṣàn ti gbé ọ̀rọ̀ búrẹ́dì jáde rí. Ní ọdún 2011, Mínísítà ètò ọ̀gbìn, Akínwùmí Adésínà, gbé búrẹ́dì ẹ̀gẹ́ wá síbi ìpàdé ìgbìmọ̀ ìjọba àpapọ̀, Ààrẹ Goodluck Jonathan sì fi ara rẹ̀ ṣe àpẹẹrẹ fún àwọn tí yóò máa jẹ ẹ́. Èrò ìjọba ni kí owó tí ń bá àlìkámà lọ sí òkè òkun dínkù. Ṣùgbọ́n àdàlù ni búrẹ́dì náà: ìyẹ̀fun àlìkámà ṣì wà nínú rẹ̀. Bí ẹni tí ó ní sílíákì bá gbọ́ “búrẹ́dì ẹ̀gẹ́” tí ó sì jẹ ẹ́ ní àjẹyó, ìfun rẹ̀ ni yóò san gbèsè náà.

Kí wá ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ yóò jẹ ní Ọjà'ba tàbí ní Bẹẹrẹ? Oúnjẹ àwọn bàbá ńlá ti dáhùn. Kò sí gúlútẹ̀nì nínú iṣu, ẹ̀gẹ́, àgbàdo, ẹ̀wà tàbí ìrẹsì. Nítorí náà, àmàlà, láfún, gbẹ̀gìrì, ewédú, ẹ̀kọ, ọ̀lẹ̀lẹ̀ àti ẹ̀bà kò léwu fún un. Búrẹ́dì, pọ́fùpọ́ọ̀fù, ṣinṣín, mitipáì, sìpàgẹ́tì àti ọ̀pọ̀ nínú sẹ̀mó ni kí ó sá fún. Ọ̀rọ̀ àwọn tí ó ní àtọ̀gbẹ gba ìṣọ́ra púpọ̀, nítorí pé àlìkámà rírò ni ọ̀pọ̀ nínú wọn fi rọ́pò àmàlà, bẹ́ẹ̀ sílíákì a máa bá irú àtọ̀gbẹ tí ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti kékeré rìn. Àkàrà tí wọ́n dín nínú epo tí wọ́n fi dín pọ́fùpọ́ọ̀fù kò mọ́ mọ́ fún un, bẹ́ẹ̀ ni èlùbọ́ tí wọ́n lọ̀ nínú ẹ̀rọ tí àlìkámà ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò. Ìwọ̀n tí àjọ àgbáyé lórí oúnjẹ fi ọwọ́ sí kò ju mílígíráàmù 20 gúlútẹ̀nì nínú kílógíráàmù oúnjẹ kan lọ; ìyẹn kéré púpọ̀.

Ohun kan ṣẹ́kù tí gbajúmọ̀ kì í sábà rántí sọ, òun ni ó sì ṣe pàtàkì jù. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe pa búrẹ́dì tì kí ó tó lọ ṣe àyẹ̀wò. Àmì tí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ń wá kì í hàn dáadáa bí ènìyàn kò bá jẹ gúlútẹ̀nì mọ́. Ẹni tí ó bá ti sá fún un fún oṣù mélòó kan lè gba èsì pé kò sí ohun tí ó ń ṣe é, nígbà tí àìsàn náà ṣì wà. Yàtọ̀ sí èyí, kì í ṣe gbogbo inú rírun ni sílíákì: aràn inú, àrùn jẹ̀díjẹ̀dí àti omi àìmọ́ náà a máa da inú rú, ìtọ́jú wọn sì yàtọ̀.

Nítorí náà, bí gbajúmọ̀ orí tẹlifíṣàn bá fẹ́ sọ ìtàn ara rẹ̀, kí ó sọ ọ́. Ó ń ṣe oore. Kí ó sì fi kún un pé dókítà ni òun kọ́kọ́ lọ rí. Ìyá tí ó ń wò ó ní Bẹ́yẹrúnkà, tí ọmọ rẹ̀ ń rù tí inú rẹ̀ sì ń wú, yóò wá mọ̀ pé ọ̀nà ilé ìwòsàn ni ó kàn, kí òun tó fọwọ́ kan ohun tí ọmọ náà ń jẹ.