Jẹjẹrẹ ẹnu ilé-ọmọ tó ti ràn: Ẹ má tíì gbé ìyá lọ sílé!

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fetí sí mi. Ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́ kan ládùúgbò wa ń rí ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dáwọ́ dúró tipẹ́. Ojú ń tì í, kò sọ. Nígbà tó máa fi dé ọ̀dọ̀ dókítà, jẹjẹrẹ ẹnu ilé-ọmọ ni, ó sì ti ràn. Làwọn ẹbí bá ní: "Ó tán! Ẹ jẹ́ ká máa gbé ìyá lọ sílé."

Ṣé lóòótọ́ ló tán? Ẹ kọ́kọ́ bi dókítà pé, ibo ló ràn dé?

Bó bá jẹ́ ìtòsí ilé-ọmọ nìkan ni, ìwòsàn pátápátá ni wọ́n ṣì ń lé. Ẹ̀rọ ìtànṣán, èyí táwọn kan ń pè ní iná, ni wọ́n máa ń lò sí i fún bí ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Wọn a tún máa fa oògùn cisplatin sí i níṣan lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Lẹ́yìn náà, wọn a gba ojú ara gbé ìtànṣán wọ inú. Ní Amẹ́ríkà, nínú 100 irú obìnrin bẹ́ẹ̀, bí 60 ló ń lo ọdún márùn-ún sí i láyé.

Bó bá ti dé ẹ̀dọ̀fóró, ẹ̀dọ̀ tàbí eegun ńkọ́? Mi ò ní í purọ́ fún yín, ó le. Bí 20 nínú 100 ló ń lo ọdún márùn-ún yẹn. Oògùn inú iṣan ló sábà máa ń kù. Ní 2014, ìwádìí fi hàn pé bevacizumab tí wọ́n fi kún un ń fi bí oṣù mẹ́rin kún ọjọ́ ayé wọn. Ní 2021, pembrolizumab náà fi hàn pé òun wúlò. Àmọ́ owó wọn ga gan-an!

Bí ìwòsàn ò bá sí mọ́, iṣẹ́ ṣì wà. Ìtànṣán ọjọ́ díẹ̀ lè dá ẹ̀jẹ̀ dúró. Mọ́fíìnì mímu ń lé ìrora. Oògùn wà fún òórùn pẹ̀lú.

Ohun tí wọ́n ṣe fún ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́ nìyẹn. Ó padà kú, ṣùgbọ́n ó rí oorun sùn, ó sì gbé ọmọ-ọmọ rẹ̀ tuntun jó lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ.

Ẹ̀yin tára yín ṣì le, ẹ lọ ṣàyẹ̀wò. Láti oṣù kẹwàá 2023 ni ìjọba Nàìjíríà ti bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14 ní abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ̀jẹ̀ tó bá wá lásìkò tí kò yẹ, ẹ má fi ìtìjú bò ó o!