Fọ́tò àwọn àgbà wa: fèrèsé àti bẹ́ẹ̀dì ṣíìtì ti tó

Bí àgbàlagbà kan bá kú láàárín wa níbí, kí wọ́n tó sọ̀rọ̀ pósí, fọ́tò ni wọ́n á kọ́kọ́ máa wá kiri. Wọ́n fẹ́ fi ṣe pósítà, wọ́n fẹ́ tẹ̀ ẹ́ sára ìwé ètò ìsìnkú, wọ́n fẹ́ gbé e síwájú ṣọ́ọ̀ṣì. Ibi tọ́rọ̀ náà sì máa ń já sí, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n: fọ́tò òde àríyá kan tí fíláàṣì ti sọ iwájú orí màmá di funfun, tójú wọn pọ́n bí ẹ̀ṣẹ́ iná, tọ́wọ́ ẹlòmíì sì wà léjìká wọn. Wọ́n á gé ọwọ́ yẹn kúrò, ó parí. Ẹni tó fi ogójì ọdún gbé Moss Side, tó ṣiṣẹ́ alẹ́, tó tọ́mọ márùn-ún yanjú, fọ́tò tá a fi sin wọ́n nìyẹn.

Owó kọ́ ló fà á. Fóònù tó wà lápò ọ̀pọ̀ nínú wa ti tó fún iṣẹ́ yìí. A kì í wo ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wá ni. Ẹni tó bá mọ ìyẹn, inú pálọ̀ ẹ̀ ní Cheetham Hill tàbí Longsight lá ti ya fọ́tò tí ọmọ ọmọ ẹ̀ máa gbé kọ́ sára ògiri.

Irú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ nílùú yìí rí. Lọ́dún 1972, ọmọkùnrin òyìnbó kan tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ní Manchester Polytechnic, Daniel Meadows lorúkọ ẹ̀, háyà ṣọ́ọ̀bù kan tó jẹ́ ti onígbàjámọ̀ tẹ́lẹ̀ ní Greame Street, ní Moss Side níbẹ̀. Ó ní káwọn ará àdúgbò wá ya fọ́tò lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n sì wá, tọmọdé tàgbà, èèyàn dúdú àti òyìnbó, bí wọ́n ṣe múra ní ọjọ́ náà. Àkókò yẹn ni káńsù ń wó ọ̀pọ̀ ilé ládùúgbò ọ̀hún. Àwọn ilé ti lọ, fọ́tò wà síbẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ló ra bọ́ọ̀sì alájà méjì àlòkù, ibẹ̀ ló ń sùn, ibẹ̀ ló ti ń fọ fọ́tò, ó sì fi yí ilẹ̀ England ká láàárín 1973 sí 1974. Èèyàn 958 ló yà lọ́fẹ̀ẹ́ ní ìlú 22.

Kó tó di pé Meadows dáyé làwọn tiwa ti mọ ọgbọ́n yìí. Seydou Keïta, ní Bamako lórílẹ̀-èdè Mali, ṣí ṣọ́ọ̀bù fọ́tò ẹ̀ ní 1948. Ìmọ́lẹ̀ ojúmọ́ ló fi ń ṣiṣẹ́ jù, nínú àgbàlá. Aṣọ orí bẹ́ẹ̀dì ẹ̀ ló kọ́kọ́ ta sẹ́yìn àwọn oníbàárà. Torí pé fílíìmù wọ́n, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló sábà máa ń tẹ kámẹ́rà fún ẹnì kan. Àwọn mùsíọ́ọ̀mù ńláńlá lókè òkun ló ń gbé àwọn fọ́tò náà kọ́ báyìí.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ ti ojú tó ń dúdú kọjá ààlà, torí ìyẹn lẹjọ́ tá a máa ń rò jù. Ẹ̀rọ tó ń wọn ìmọ́lẹ̀ nínú kámẹ́rà máa ń rò pé, tá a bá po gbogbo ohun tó wà níwájú òun pọ̀, àwọ̀ eérú ló yẹ kó jẹ́. Tẹ́ ẹ bá wá gbé bàbá aláwọ̀ dúdú síwájú ògiri funfun, ẹ̀rọ yẹn á ní ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, á dín in kù. Ògiri á di eérú, ojú bàbá á di èédú. Kì í sì í ṣọ̀rọ̀ ẹwà nìkan. Lọ́dún 2020, BBC fi fọ́tò tó lé lẹ́gbẹ̀rún dán ètò tí ìjọba ilẹ̀ yìí fi ń yẹ fọ́tò páásípọ́ọ̀tù wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Nínú ọgọ́rùn-ún fọ́tò àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú, ó ní 22 kò dáa tó. Tàwọn ọkùnrin aláwọ̀ funfun, 9 péré. Ẹ̀bi ẹ̀rọ wà níbẹ̀, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n ohun tọ́wọ́ wa tó, ẹ jẹ́ ká ṣe é. Lórí fóònù, ẹ fi ìka tẹ ojú ẹni tẹ́ ẹ fẹ́ yà, kẹ́ ẹ wá fa ìmọ́lẹ̀ sókè díẹ̀. Tí kì í bá ṣe ti páásípọ́ọ̀tù, ẹ gbé ògiri funfun tì, ẹ ta àdìrẹ tàbí aṣọ òkè sẹ́yìn wọn.

Ó yá, ẹ pa fíláàṣì. Ẹ pa iná òkè àjà náà, torí òun ló ń sọ kòtò ojú di ihò. Ẹ gbé àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tó tóbi jù nínú ilé, kí fèrèsé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, kó má wà lẹ́yìn wọn rárá. Kí wọ́n yí imú síbi tímọ́lẹ̀ wà díẹ̀. Lódì kejì, ẹ fi bẹ́ẹ̀dì ṣíìtì funfun bo páálí ńlá kan, kẹ́ ẹ gbé e sún mọ́ wọn; á dá ìmọ́lẹ̀ padà sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó ṣókùnkùn. Ẹ máa sún un síwá sẹ́yìn, kẹ́ ẹ máa wo ojú wọn, ẹ ó rí i bó ṣe ń yí padà. Awọ ara tiwa ń dán, ìdán yẹn ló ń fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti iwájú orí hàn, ìmọ́lẹ̀ tó fẹ̀ ló sì ń gbé e jáde. Fíláàṣì kékeré, tóótó funfun kan ló ń fi síwájú orí. Ìkùukùu Manchester tá à ń bú lójoojúmọ́ yìí, sítúdíò ọ̀fẹ́ ni: ó sọ gbogbo ojú ọ̀run di ìmọ́lẹ̀ kan ṣoṣo tó fẹ̀, tó tutù. Oòrùn ọ̀sán gangan l'Ékòó kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún yín.

Tó bá jẹ́ iná tábìlì lẹ fẹ́ lò, ẹ kọ gúlóòbù ẹ̀ sí ògiri funfun tàbí ṣíìtì yẹn, kí ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀ máa padà sára wọn. Ẹ sì ṣọ́ bó ṣe jìnnà sí. Tí iná bá kúrò ní mítà kan sí mítà méjì, ìdá kan nínú mẹ́rin ìmọ́lẹ̀ ló máa kù.

Ìjókòó ńkọ́? Ẹ̀yin ọmọ, ẹ má fi “smile, Mummy” da ìyá yín láàmú. Stephen Sprague, òyìnbó Amẹ́ríkà kan tó kọ̀wé ní 1978 nípa bí Yorùbá ṣe ń ya fọ́tò, rí i pé a ní ìjókòó tiwa: ara lódindi, ojú síwájú, ọwọ́ lórí itan, kí aṣọ fẹ̀ dáadáa. Ó tún rí i ní Ìlá Ọ̀ràngún pé tí ọ̀kan nínú ìbejì bá ti kú, onífọ́tò á ya èyí tó kù, á tẹ fọ́tò ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì sórí bébà kan, kí ìbejì lè jókòó pọ̀. Láìsí kọ̀ǹpútà o! Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí màmá jókòó bí wọ́n ṣe mọ̀ ọ́n. Kẹ́ ẹ dúró ní bíi mítà méjì, torí tí fóònù bá sún mọ́ ojú jù, imú lá gba gbogbo fọ́tò.

Ẹ tètè ṣe é lọ́sàn-án. Ní ìparí oṣù Kejìlá, aago mẹ́jọ á ti kọjá dáadáa kí oòrùn tó yọ níbí, kò sì ní tíì tó aago mẹ́rin tó fi wọ̀. Láàárín aago mọ́kànlá sí aago méjì ni kẹ́ ẹ mú. Ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde sórí bébà, ẹ má fi sílẹ̀ sínú fóònù. Ẹ kọ orúkọ, ìlú àti ọdún sẹ́yìn ẹ̀. Pẹ́ńsùlù ni kẹ́ ẹ fi kọ ọ́, kẹ́ ẹ má tẹ̀ ẹ́ le, torí bírò máa ń yọ síwájú.