Wáyà Kì í Ṣe Ògbufọ̀: Bí A Ti Ń So Kọ̀ǹpútà Mọ́ Ẹ̀rọ Amóhùn-máwòrán Àtijọ́

Ìfáárà

Ó lè ya àwọn kan lẹ́nu pé olùkọ́ lítíréṣọ̀ ni ó dìde láti sọ̀rọ̀ nípa wáyà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀. Ọ̀rọ̀ èdè náà ni yóò já sí.

Ṣómólú ni ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀, ní àdúgbò tí gbogbo Èkó mọ̀ mọ iṣẹ́ ìwé títẹ̀. Mo lọ wo ibi tí iṣẹ́ dé lórí ìwé ewì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa kan. Ojú kọ̀ǹpútà alágbèéká tí ọmọkùnrin atòwé fi ń ṣiṣẹ́ ti fọ́, kò sì sí owó tí yóò fi pààrọ̀ rẹ̀. Ó ra wáyà kan tí orí rẹ̀ jẹ́ ti HDMI, tí ìdí rẹ̀ sì pín sí mẹ́ta: yẹ́lò, funfun àti pupa. Ó fi so kọ̀ǹpútà náà mọ́ ẹ̀rọ amóhùn-máwòrán oníkùn-gbàǹgbà tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀. Gbogbo ẹnu wáyà ni ó wọ ihò rẹ̀ wẹ́kú, ṣùgbọ́n ojú ẹ̀rọ ṣókùnkùn biribiri. Ọmọ náà gbà pé kọ̀ǹpútà ti kú, ó sì ti ń wá ẹni tí yóò rà á ní àlòkù, ti òun ti ìwé wa tí ó wà nínú rẹ̀. Kọ̀ǹpútà kò kú. Èdè ni kò yé ara wọn.

Èdè Méjì

Ní ọjọ́ 31, oṣù Kẹwàá, ọdún 1959, ni WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn. Nígbà tí àwòrán aláwọ̀ dé Nàìjíríà, ìlànà PAL ni a mú lò. Nínú ìlànà yìí, ìlà 625 ni ó wà nínú àwòrán kan, ṣùgbọ́n 576 péré ni ó ń gbé ohun tí ojú ń rí. Àwòrán 25 ni ó sì ń kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ̀rọ kì í ya àwọn ìlà náà tẹ̀ léra. A kọ́kọ́ ya ìkíní, ìkẹta, ìkarùn-ún títí dé ìsàlẹ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò padà wá ya ìkejì, ìkẹrin àti ìkẹfà. Ìmọ́lẹ̀ àti àwọ̀ jọ ń gba inú wáyà yẹ́lò kan ṣoṣo, bí agbára iná tí ń gòkè tí ń sọ̀ láìdánu dúró. Ohùn ni funfun àti pupa ń gbé.

HDMI, tí ó jáde ní ọdún 2002, kò ṣe bẹ́ẹ̀. Nọ́ńbà ni ó fi ń ka ẹyọ àmì kéékèèké tí ó para pọ̀ di àwòrán. Bí dùndún ni ẹ̀rọ àtijọ́, tí ń fi ohùn lílọ́ sọ̀rọ̀. Bí ẹni tí ń ka owó ẹyọ ni HDMI. Wáyà lásán kò lè sọ owó ẹyọ di ìlù.

Ti VGA, tí IBM gbé jáde ní 1987, sún mọ́ ti àtijọ́ díẹ̀, nítorí òun kì í ka nọ́ńbà. Ṣùgbọ́n ó pín pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù sí wáyà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ó sì ń ya ìlà ní bí ìlọ́po méjì 15,625 tí ẹ̀rọ àtijọ́ ń yà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Òun náà nílò ògbufọ̀. Ìjà yìí kò sì sí láti ìbẹ̀rẹ̀: ZX Spectrum àti Commodore 64 ti ọdún 1982 lè gba ihò ẹ́ríàlì wọ inú ẹ̀rọ ilé, nítorí èdè rẹ̀ ni wọ́n ń sọ.

Iṣẹ́ Ògbufọ̀

Ògbufọ̀ náà ni àpótí kékeré tí àwọn oníṣòwò ń pè ní kọnfátà. Ẹ ṣọ́ra nígbà tí ẹ bá ń rà á. Èyí tí a kọ HDMI2AV sí lára ni a ń fẹ́. AV2HDMI ń túmọ̀ láti òdìkejì, kò sì wúlò fún wa. Àpótí gidi máa ń béèrè iná, a sì lè fún un láti ara ihò USB kọ̀ǹpútà.

Kí a pa ẹ̀rọ méjèèjì kí a tó so wọ́n. Kí a so HDMI mọ́ àpótí, kí a wá fi yẹ́lò sí ihò tí a kọ VIDEO sí, kí funfun àti pupa lọ sí ti ohùn. Kí a tan wọ́n, kí a sì yí ẹ̀rọ sí AV. Bí bọ́tìnì PAL àti NTSC bá wà lára àpótí, PAL ni kí a yàn. Bí a bá ṣì í yàn, àwòrán lè dúdú-funfun tàbí kí ó máa yí gbirigbiri. Bí ojú ẹ̀rọ bá ṣì ṣókùnkùn, kí a tẹ bọ́tìnì Windows pẹ̀lú P, kí a yan Duplicate. Ẹ̀rọ tí kò ní ju ihò ẹ́ríàlì lọ ń kọ́? Kí a gba inú ẹ̀rọ fídíò kásẹ́ẹ̀tì kọjá, nítorí ó lè sọ àwòrán AV di ti ẹ́ríàlì.

Ìkìlọ̀ kan ṣoṣo: ẹ má ṣe tú ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà. Iná inú rẹ̀ lè ju 20,000 fọ́ltì lọ, ó sì lè kù síbẹ̀ lẹ́yìn tí a ti yọ ọ́ kúrò lára ògiri.

Ohun Tí Ògbufọ̀ Kò Lè Gbé Dé

A rí àpótí náà rà, àwòrán sì yọ. Inú wa dùn. Ṣùgbọ́n nígbà tí a ṣí ìwé ewì, mo gbọ́ tí ọmọ náà ń kà á pé obìnrin kan ń sunkún “oko” rẹ̀. Ọkọ ni akéwì kọ. Àmì abẹ́ lẹ́tà ti lọ.

Ìdí rẹ̀ kò fara sin. Kọ̀ǹpútà alágbèéká púpọ̀ ní ìlà 768. Kí ògbufọ̀ tó lè kó o sínú 576, ó ní láti pa àwọn kan pọ̀. Àmì abẹ́ ẹ, ọ àti ṣ kò sì nípọn ju ìlà kan tàbí méjì lọ. Èyí tí ó bá bọ́ sórí ìlà kan ṣoṣo, ìgbà 25 péré ni a ń yà á ní ìṣẹ́jú àáyá kan, yóò sì máa ṣẹ́jú wìnnìwìnnì. Àmì ohùn pẹ̀lú ń jìyà bẹ́ẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì lè fara da irú ojú bẹ́ẹ̀, nítorí lẹ́tà rẹ̀ kò ní àmì púpọ̀. Tiwa kò lè fara dà á: ọwọ́ di owó, ọjọ́ di òjò.

Nítorí náà, a tẹ ẹ̀dà kan sórí ìwé, a fi bíírò tún un ṣe ní ojú ìmọ́lẹ̀, kí a tó gbé e dé ìdí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé.

Ìgúnlẹ̀

N kò sọ pé kí a da ẹ̀rọ àtijọ́ nù. Bí olùkọ́ kan bá ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìrọ̀lẹ́ ní Bàrígà, tí ó kọ lẹ́tà rẹ̀ gbàǹgbà, ẹ̀rọ náà yóò tó o ṣe pátákó. Ó dára fún fíìmù, ó sì dára fún kíkó iṣẹ́ yọ nínú kọ̀ǹpútà tí ojú rẹ̀ fọ́. Ṣùgbọ́n kí a má ṣe fi yẹ ìwé Yorùbá wò, kí a má sì fi díwọ̀n àwọ̀ tí a ó tẹ̀ jáde. Ojú olójú kò jọ ojú ẹni. Ẹni tí ó bá gba ògbufọ̀, kí ó máa rántí béèrè ohun tí ògbufọ̀ fi sílẹ̀ lọ́nà.