Àyẹ̀wò Ìdákú Lemọ́lemọ́ Lórí Sáfà Linux: Ipò Àkọsílẹ̀ Ìṣẹ̀lẹ̀

Ìfáárà
Iṣẹ́ yìí dá lórí sáfà Linux tí ó máa ń dákú léraléra, àti ọ̀nà tí a lè gbà mọ ohun tí ó fà á. Sáfà ni kọ̀ǹpútà tí àwọn kọ̀ǹpútà yòókù ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Linux ni ètò tí Linus Torvalds bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ní orílẹ̀-èdè Fínláǹdì ní ọdún 1991, nígbà tí ó ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Helsinki. Ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ni ó ń kó máàkì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sórí irú sáfà bẹ́ẹ̀. Bí ó bá dákú nígbà tí olùkọ́ ń tẹ máàkì wọlé, èyí tí kò tíì dé inú dísìkì yóò sọnù, akẹ́kọ̀ọ́ tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ ni yóò sì máa wá èsì ìdánwò rẹ̀ kiri.

Àkíyèsí wa ni pé àtúntàn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ́kọ́ máa ń sáré ṣe. A kò bá wọn wí, nítorí àwọn tí ń dúró de iṣẹ́ kì í ní sùúrù. Ṣùgbọ́n àtúntàn yìí gan-an ni ó máa ń pa ẹ̀rí rẹ́.

Irú ìdákú tí ó wà
Ìdákú kan wà tí kernel, ìyẹn ọkàn Linux gan-an, máa ń kéde fúnra rẹ̀. Bí ó bá kan àṣìṣe tí kò lè ré kọjá, yóò kọ "Kernel panic - not syncing" sí ojú ẹ̀rọ pẹ̀lú ìdí tí ó fi rí bẹ́ẹ̀, yóò sì dúró gbagidi. Kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan bọ́tìnnì, kí ó ya àwòrán ohun tí ó wà lójú ẹ̀rọ náà. Níbi tí kò bá sí ẹni tí yóò wà nítòsí, a lè lo netconsole láti máa fi ọ̀rọ̀ kernel ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà mìíràn.

Òmíràn kì í ṣe ìdákú rárá, bí ó tilẹ̀ jọ ọ́. Bí mẹ́mọ̀rì bá kún, kernel lè pa ètò kan kí ìyókù lè yè. Sáfà ṣì wà láàyè, ètò tí ń tọ́jú máàkì ni ó kú. Ọ̀rọ̀ náà "Out of memory" yóò wà nínú àkọsílẹ̀.

Èyí tí ó le jù ni ìdákú tí kò sọ nǹkan kan. Àkọsílẹ̀ yóò kàn gé láàárín, kò ní sí ìlà tí ó fi hàn pé a pa ẹ̀rọ náà bí ó ti yẹ, kò sì ní sí àròyé kernel. Níbi báyìí, iná, ooru àti àwọn ohun èlò inú ẹ̀rọ ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ fura sí.

Àpẹẹrẹ kan
Sáfà kan tí a ṣe àyẹ̀wò rẹ̀ kì í dákú lọ́sàn-án, òru ni ó máa ń dákú. Ẹni tí ń tọ́jú rẹ̀ ti pààrọ̀ mẹ́mọ̀rì, ó tún ti gbé Linux tuntun sórí rẹ̀, pàbó ni gbogbo rẹ̀ já sí. A bèèrè àkọsílẹ̀ òru tí ó kọjá, kò sí. Inú /run/log/journal ni systemd ń kọ ọ́ sí lórí ẹ̀rọ yìí, inú mẹ́mọ̀rì sì ni ibẹ̀ wà; bí iná bá ti lọ, ó parẹ́ nìyẹn. A ṣẹ̀dá /var/log/journal sórí dísìkì, a tún systemd-journald tàn, a sì ní sùúrù di òru mìíràn.

Lọ́jọ́ kejì, àṣẹ "journalctl -b -1 -e" gbé ìparí àkọsílẹ̀ náà jáde. Ìlà tí ó kẹ́yìn kò ní ohun kan pàtó nínú. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ: àwọn ìlà tí ó ṣáájú rẹ̀ ń sọ pé "Core temperature above threshold, cpu clock throttled", lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́yìn náà léraléra. Ìtumọ̀ èyí ni pé ooru ti kọjá ààlà, ọpọlọ ẹ̀rọ náà sì ń dín eré rẹ̀ kù kí ara rẹ̀ lè rọlẹ̀. Bí ooru bá tún ga ju bẹ́ẹ̀ lọ, ohun èlò fúnra rẹ̀ ni yóò gé iná láìdágbére fún kernel. Ìdí nìyí tí àkọsílẹ̀ fi gé.

Kí ló dé tí ó fi jẹ́ òru? Lọ́sàn-án, jẹnẹrétọ̀ ń gbé sáfà àti ẹ̀rọ amúlétutù pọ̀. Bí wọ́n bá pa jẹnẹrétọ̀ lálẹ́, ínfátà kò lè gbé ju sáfà lọ, wọ́n á sì ti ilẹ̀kùn àti fèrèsé pa nítorí olè. Eruku tí ó dì mọ́ fáànù inú ẹ̀rọ náà tún dá kún un. Wọ́n gbọn eruku náà, wọ́n ṣí fèrèsé tí ó ní irin, wọ́n so fáànù kan mọ́ ínfátà, a sì ń fi àṣẹ "sensors" ṣọ́ bí ooru ṣe ń lọ sókè sódò. Ìdákú òru dópin.

Mẹ́mọ̀rì àtijọ́ tí wọ́n yọ ṣì wà nínú àpótí. A fi memtest86+ yẹ̀ ẹ́ wò láti alẹ́ di òwúrọ̀, kò sì ní àbùkù kankan.