Èrè ni àbí àbẹ̀tẹ́lẹ̀? Bí a ṣe ń fi ìpanu kọ́ ẹṣin

Yorùbá ní ọ̀rọ̀ kan tó yẹ kí gbogbo ẹni tó ń kọ́ ẹṣin mọ̀: àbẹ̀tẹ́lẹ̀. Ẹ tú u wò: à, bẹ̀, tẹ́lẹ̀. Ohun tí a fi bẹ ẹnìkan kó tó ṣe nǹkan ni. Ẹ wá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ èrè, tí í ṣe ohun tí a ń rí gbà lẹ́yìn iṣẹ́. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ọ̀rọ̀ méjèèjì ló wà láàárín kárọ́ọ̀tì tó ń kọ́ ẹṣin àti èyí tó ń bà á jẹ́.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé ẹṣin kan kọ̀ láti wọ ọkọ̀ tí wọ́n fi ń gbé e. Bí ẹ bá dúró sínú ọkọ̀ tí ẹ ń fi kárọ́ọ̀tì hàn án, ó lè wọlé lónìí. Lọ́la, yóò kọ́kọ́ wo ọwọ́ yín kó tó gbé ẹsẹ̀. Àbẹ̀tẹ́lẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí kárọ́ọ̀tì bá wà lápò, tí ẹṣin gbé ẹsẹ̀ kan síwájú, tí ẹ sì fún un ní díẹ̀ lójú ẹsẹ̀, gbígbé ẹsẹ̀ ni yóò máa rántí. Èrè nìyẹn.

Àsìkò ló le jù níbẹ̀. Ìṣẹ́jú àáyá kan tàbí méjì péré lẹ ní. Bí ẹ bá pẹ́, tí ẹṣin ti yí orí padà tó ń tú àpò yín, àpò títú lẹ sanwó fún. Nítorí èyí ni àwọn olùkọ́ ẹṣin fi máa ń lo ohùn kan tí kì í yí padà. Ẹ lè lo “O káre!” Ẹ kọ́kọ́ sọ ọ́, kí ẹ fún un ní oúnjẹ, kí ẹ tún sọ ọ́, kí ẹ tún fún un, títí yóò fi mọ̀ pé bí ohùn yẹn bá ti dún, oúnjẹ ń bọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹnu yín ni yóò máa bá àsìkò mu, ọwọ́ lè tẹ̀ lé e. (“O” ni o, ẹṣin kì í ṣe àgbà, “ẹ káre” kò tọ́ sí i.)

Ẹṣin kò lè rí ohun tó wà níwájú ẹnu rẹ̀ gan-an. Ètè àti irun ẹnu ló fi ń wá a, ìka tó bá sì ká kò yàtọ̀ sí kárọ́ọ̀tì. Ẹ tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ pẹrẹsẹ, kí àtàǹpàkò lẹ̀ mọ́ ìka yòókù. Ẹ gé kárọ́ọ̀tì ní gígùn, kì í ṣe ní róbótó, nítorí róbótó lè há a lọ́fun, ẹṣin kò sì lè bì. Àlùbọ́sà àti píà léwu fún un. Ṣúgà púpọ̀ sì lè dá àrùn sílẹ̀ ní pátákò, pàápàá fún àwọn ẹṣin kúkúrú.

Àwọn kan ní kí a má fi ọwọ́ bọ́ ẹṣin rárá, torí pé ó ń sọ ọ́ di àkẹ́bàjẹ́ tó ń géni jẹ. Lójú tèmi, oúnjẹ kọ́ ló jẹ̀bi, ẹni tó ń fún un nígbà tó ń tú àpò ni. Ẹ dúró títí yóò fi kọ orí síwájú. Ẹ sì lè fi èékánná họ ibi tí ọrùn ti pàdé ẹ̀yìn. Ibẹ̀ ni àwọn ẹṣin máa ń bá ara wọn họ, ó sì ń mú kí ọkàn wọn rọlẹ̀.

Ẹ ti rí ẹṣin Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde, láàárín ìlù àti ìró ìbọn, tàbí ẹṣin ọlọ́pàá níwájú Old Trafford lọ́jọ́ bọ́ọ̀lù. Ẹ̀rù ariwo ń ba ẹṣin, àmọ́ ìpanu lè ràn án lọ́wọ́: kí ìlù dún láti òkèèrè, kí oúnjẹ tẹ̀ lé e, kí ìlù sún mọ́ díẹ̀, kí oúnjẹ tún tẹ̀ lé e. Ìlù ló gbọ́dọ̀ ṣáájú. Bí oúnjẹ bá ṣáájú, ẹṣin á bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí oúnjẹ.

Ẹṣin ẹlẹ́ṣin ńkọ́? British Horse Society máa ń kìlọ̀ pé kí ẹ má fún ẹṣin tí ẹ bá pàdé nínú pápá ní ohunkóhun. Ti ọlọ́pàá náà, ẹ kọ́kọ́ bi ẹni tó gùn ún.